Bí gbogbo onígbèsè bá gbé ilẹ̀ síta lọ́jọ́ kan náà, ta ni yóò rà á?

Ìbéèrè: Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọ̀ffà. Ọmọ ẹgbẹ́ 46 ló jẹ wá lówó. Alága wa ní kí gbogbo wọn san án tán láàárín ọjọ́ 30, ẹni tí kò bá rí i san, kí ó ta ilẹ̀ tó fi dógò. Àbúrò mi tó ń kọ́ ìtàn ní irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí ní Róòmù ayé àtijọ́, pé ọba ibẹ̀ ló dá sí i. Báwo ló ṣe jẹ́? Kí ni kí n wí nípàdé?
Akápò, Ọ̀ffà

Ìdáhùn: Akápò, ẹ kú làálàá ẹgbẹ́. Àbúrò yín kò parọ́. Ọdún 33 ni, láyé Tiberius ọba Róòmù, ẹni tí ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì ń pè ní Tìbéríù Késárì. Kò gbé Róòmù mọ́ nígbà náà. Erékùṣù Capri ló ti ń ṣàkóso.

Julius Caesar, tó ṣàkóso Róòmù ṣáájú Tiberius, ti ṣòfin sílẹ̀ tipẹ́ lórí owó yíyá àti ilẹ̀ níní ní Itálì. Òfin náà ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í wò mọ́, kí àwọn aṣòfófó tó jí i dìde, tí wọ́n ń fa àwọn ayánilówó lọ sí kóòtù. Nínú àwọn aṣòfin Róòmù fúnra wọn, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ ọba, ó fún wọn ní oṣù 18 kí wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ owó wọn ṣe. Kí ni olówó máa ṣe bí kò ṣe pé kó lọ dógò ti onígbèsè? Gbogbo wọn sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó gbẹ nílùú, nítorí dúkìá àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi náà, bí wọ́n bá ti tà á, àpò ìjọba lowó rẹ̀ ń wọ̀ sí.

Ìgbìmọ̀ aṣòfin wá ní kí ayánilówó kọ̀ọ̀kan fi ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀ ra ilẹ̀ ní Itálì, kí owó lè tún yí ká. Àwọn olówó ò ṣe bẹ́ẹ̀. Odidi gbèsè ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n sì di owó náà mọ́wọ́, wọ́n ń retí kí ilẹ̀ já wálẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó rà. Ilẹ̀ kún ọjà, olùrà ò sí. Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn jù ni kò rí tirẹ̀ tà. Ọ̀pọ̀ ẹni ńlá pàdánù dúkìá, ipò wọn sì bá a lọ.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ní 1984, ọdún tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, ẹgbẹ́ kan tí bàbá mi wà nínú rẹ̀ níbí ní Ìlọrin ní kí gbogbo èèyàn san gbèsè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ahunṣọ òfì ni bàbá mi. Ilẹ̀ tó rà ní 1,200 náírà lọ́nà Àjàṣẹ́ ló gbé síta. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹni mẹ́jọ mìíràn gbé tiwọn síta. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni wọ́n kówó náà wá. Mo jókòó tì í lórí ẹní, ó ka 700 náírà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi àjákù òfì dì í, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ yẹn ló ra ilẹ̀ náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, Tiberius kó 100,000,000 sesterce, owó Róòmù ìgbà náà, sílẹ̀. 900 sesterce ni ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà lọ́dún, ẹ wá ṣírò rẹ̀: owó ọdún kan àwọn ọmọ ogun tó lé ní 110,000 ni. Ó yá wọn fún ọdún mẹ́ta láìsí èlé. Kì í ṣe sàráà o. Ilẹ̀ tó tó ìlọ́po méjì owó náà ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi dógò. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ayánilówó mìíràn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí yáni.

Ohun tí mo fi ń bínú sí i ni pé ó pẹ́. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀: nígbà tó kú ní ọdún 37, òǹkọ̀wé Róòmù kan, Suetonius, kọ ọ́ pé ó fi 2,700,000,000 sesterce sílẹ̀. Ó wò títí ilé àwọn èèyàn fi dà wó kó tó nawọ́. Ìtura tí sura Baqarah nínú Al-Kùránì, ẹsẹ 280, ní ká fún onígbèsè tí kò rọ̀ lọ́rùn, kí ó tó ta ilẹ̀ ló wúlò fún un.

Nítorí náà, ẹ má ní kí wọ́n dárí gbèsè ji ẹnikẹ́ni. Owó àwọn ìyá tó ń kó ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan jọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ pín àwọn 46 náà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Àwọn tó ń tajà lójoojúmọ́ ní ọjà Owódé lè máa san díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ kórè kí ó tó san, kí ẹ sì fi owó àpamọ́ ẹgbẹ́ di àlàfo náà láìgba èlé ní àkókò yẹn. Kí ẹ tó jókòó, ẹ bi alága ní gbangba bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ ní owó nílẹ̀ tó fẹ́ fi ra ilẹ̀. Kí ìpàdé fẹnu kò pé kò sí ọmọ ìgbìmọ̀ kankan tó gbọ́dọ̀ ra ilẹ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ fi dógò, yálà ní orúkọ ara rẹ̀ tàbí ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé kí ẹ tó túká.