Ọyẹ́ ń sán sìgá ńlá mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sìgá ńlá tí wọ́n fi odidi ewé tábà wé ni mo ń kó jọ. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ara wọn ti ń sán. Ṣé kí n kó wọn sí fíríìjì? — Òǹkàwé kan, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Rárá o! Ńṣe ni fíríìjì á tún gbẹ wọ́n sí i. Ike onídèérí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ fi àpò kékeré tó ń ṣọ́ ọ̀rinrin sí i, èyí tí wọ́n kọ 65 sí lára (ìyẹn ni pé á jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ike náà wà ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún). Oní-gíráàmù 60 kan tó fún sìgá 25. Ẹ má fi kànrìnkàn tí ẹ rẹ sómi rọ́pò rẹ̀, sìgá yín á bu. Ẹ kó sìgá yín sínú ike náà, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fọ́sẹ̀ méjì. Èyí tó ti sán kò ní í so mọ́ra mọ́ ṣá.

Bí ẹ bá rí ihò tíntìntín lára wọn, kòkòrò ni. Ooru ló ń jẹ́ kí ẹyin wọn pa. Ẹ di sìgá náà sínú ọ̀rá, kí wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fírísà (bí iná bá dúró!), lẹ́yìn náà ọjọ́ kan nínú fíríìjì, kí wọ́n tó bọ́ síta.