Ẹ Bi Wá Léèrè: Aṣọ, Àpótí àti Fọ́tò Ìrìnàjò

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ju àyè tí a ní lọ, ọ̀nà jíjìn ló sì pọ̀ jù nínú wọn: ìgbéyàwó ọmọ nílẹ̀ òkèèrè, ìsinmi tọkọtaya, Ojúde Ọba tó ń bọ̀. A ti mú márùn-ún. Ohun kan tí a fẹ́ kí gbogbo yín fi sọ́kàn ni pé irú aṣọ tí ẹ fẹ́ wọ̀ ló ń sọ bí ẹ ṣe máa dì í. Bí wọ́n ṣe ń di ṣòkòtò jíǹsì kọ́ ni wọ́n ń di sẹ́gò.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Manchester. Odindi aṣọ òkè kan ni mo fẹ́ gbé lọ, ìró, bùbá, ìpèlé, pẹ̀lú gèlè sẹ́gò kan, léèsì méjì àti iyùn. Nígbà tí mo lọ sí Àbújá, sẹ́gò mi rún débi pé kò ṣeé wé mọ́. Báwo ni kí n ṣe dì í? (Màmá kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Màmá, ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ bá wọn ṣe é láyọ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́gò, torí òun gan-an ni kì í gbàgbé. Okùn oníke àti okùn dídán ló pọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe òwú. Ibi tó bá ti ṣẹ́ báyìí, ibẹ̀ ni ìlà máa dúró sí. Tí ẹ bá sì ní kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ìlà náà kúrò, aṣọ á yọ́ mọ́ ọn lára.

Nítorí náà, kíká ni kí ẹ ká a. Ẹ tọrọ páálí róbótó tí àwọn aláṣọ máa ń ká aṣọ lé lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́jà, kí ẹ gé e kó bá àpótí yín mu. Ẹ tẹ́ sẹ́gò sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta ní gígùn rẹ̀. Ìlà tó bá wà ní gígùn kò ṣe nǹkan kan, torí ibẹ̀ náà ni ọwọ́ ẹni tó ń wé e máa gbà nígbà tó bá ń ṣẹ́ ẹ léra. Ìlà tó bá dábùú rẹ̀ ló ń ba gèlè jẹ́. Ẹ wá ká a mọ́ páálí náà láì fún un, kí ẹ fi àjákù aṣọ dì í. Ẹ má fi rọ́bà dì í, àpá rọ́bà kì í lọ bọ̀rọ̀.

Aṣọ òkè rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n hun ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ni kí ẹ ti ṣẹ́ ẹ, ìlà ò ní hàn níbẹ̀. Ẹ ká táwẹ́lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sínú ibi tó ti ṣẹ́ kó má baà pẹlẹbẹ. Tí okùn dídán bá wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án ní tààrà. Ẹ kọ́kọ́ da aṣọ òwú lé e lórí, kí ẹ sì dín iná kù.

Léèsì tó ní òkúta lára ni kí ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó dì í. Òkúta yẹn máa ń há òwú aṣọ òkè fà jáde, ibi tó bá sì ti fà, kò sí télọ̀ tó lè dá a padà bó ṣe wà. Ẹ fi aṣọ òwú tín-ínrín sáàárín àwọn méjèèjì.

Ní ti iyùn, ẹ má gbé e sínú àpótí tí ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ fi í sínú àpò aṣọ kékeré nínú báàgì ọwọ́ yín. Lọ́jọ́ ìnáwó, ẹ fín lọ́fíńdà kí ẹ tó wọ iyùn, torí nǹkan tó wà nínú lọ́fíńdà máa ń jẹ ojú rẹ̀ tí kò fi ní dán mọ́.

Aṣọ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, tó bá tiẹ̀ gba pé kí bàtà méjì kúrò níbẹ̀. Àpótí ńlá lè pẹ́ kó tó dé. Ìyá ìyàwó ò sì lè yá aṣọ wọ̀. Kìlógíráàmù 23 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń fún àpótí kan, àmọ́ ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wọ̀n ọ́n nílé. Tí ẹ bá máa gbé gàrí Ìjẹ̀bú lọ fún wọn, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, kí ó wà nínú àpótí ọ̀tọ̀, torí òórùn kíkan rẹ̀ àti ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í jáde lára léèsì. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ tú gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ fi kọ́. Ẹ má jẹ́ kó di àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó.

Agbádá gíní tí alágbàfọ̀ fi sítáàṣì sí ni mo fẹ́ gbé lọ sí Àbújá. Wọ́n ní kí n gbé e kọ́ sí ilé ìwẹ̀ kí ooru omi gbígbóná lé ìrún rẹ̀ jáde. Ṣé òótọ́ ni? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìpẹru)

Rárá o. Felifẹ́ẹ̀tì àti aṣọ kóòtù ni ooru omi ń ràn lọ́wọ́. Sítáàṣì máa ń rọ̀ tí omi bá kàn án, agbádá yín á wá rọ̀ wọ̀jọ̀ bíi ti ẹni tí òjò pa. Ẹ yí agbádá náà síta sínú kí iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ má baà ha ara. Ẹ da apá méjèèjì sí àárín, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá tí alágbàfọ̀ fi bo aṣọ sórí rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Ọ̀rá yẹn ló ń jẹ́ kí aṣọ yọ̀ lórí ara rẹ̀ dípò kó rún. Òun ni kó wà lókè pátápátá nínú àpótí, bàtà nísàlẹ̀. Fìlà abetí-ajá ni kí ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè dúró. Tí ó bá rún díẹ̀ síbẹ̀, áyọ́ọ̀nù òtẹ́ẹ̀lì tó, ẹ má fi omi wọ́n ọn.

Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ gbádùn ara wa ní Zanzibar fún ọjọ́ márùn-ún lóṣù kẹjọ, òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tó dáa gan-an. Apá ibo ni kí a lọ, irú aṣọ wo sì ni kí a gbé? (Tọkọtaya, Ìkẹ́nẹ́)

Oṣù kẹjọ dáa. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni òjò ńlá wọn máa ń rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ọjọ́ máa ń mọ́, tí afẹ́fẹ́ sì máa ń fẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè kí wọ́n tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì ni bí òkun ṣe ń fà síbẹ̀. Ní apá ìlà oòrùn erékùṣù náà, ní Paje àti Jambiani, òkun máa ń fà sẹ́yìn gan-an, débi pé ẹ lè rìn lọ jìnnà lórí iyanrìn funfun kí ẹ tó bá omi tó tó lúwẹ̀ẹ́. Fọ́tò ibẹ̀ rẹwà. Àmọ́ ẹni tó sanwó ńlá torí kó lè jáde nínú yàrá kó bọ́ sínú òkun á bínú. Ní àríwá, ní Nungwi àti Kendwa, ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ẹ lè wẹ̀ nígbà tó bá wù yín. Fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́, àríwá ni a máa ní kí ẹ lọ. Tó bá jẹ́ ìlà oòrùn ló wù yín, ẹ béèrè ìwé àkókò òkun lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Láti ìgbà tí òkun bá kún dé ìgbà tó bá fà tó bíi wákàtí mẹ́fà, ó sì máa ń sún síwájú díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wọ bàtà rọ́bà tí ẹ bá ń rìn nínú omi níbẹ̀, torí àwọn ẹ̀dá òkun kan wà tí ẹ̀gún bo ara wọn, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta.

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Stone Town, ìlú àtijọ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2000, ẹ bo èjìká àti orúnkún. Kí aṣọ ìwẹ̀ mọ sí etí òkun. Bùbá àdìrẹ gbọọrọ kan máa ṣiṣẹ́ mẹ́ta fún ìyàwó: lórí aṣọ ìwẹ̀, nínú ìlú, àti níbi oúnjẹ alẹ́ tó bá fi ìlẹ̀kẹ̀ kún un. Tó bá jẹ́ àdìrẹ aláró tuntun, kó fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí aró má baà ran báàgì funfun. Bàtà gogoro kò wúlò ní Stone Town, ojú ọ̀nà tóóró tí kò tẹ́jú ló kún ibẹ̀.

Ìwé ńkọ́? Páàsípọ́ọ̀tù yín gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́fà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá gbọ́dọ̀ mú yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, dání, ó sì máa tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má ra káàdì tí kò sí abẹ́rẹ́ ńbẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2024 ni Zanzibar ti sọ ìbánigbófò (inṣọ́ránsì) tiwọn di dandan fún àlejò, dọ́là 44 fún àgbà kan. Ẹ tún kíyè sí i pé Tanzania ti fòfin de báàgì ọ̀rá láti oṣù kẹfà 2019, nítorí náà ẹ fi gbogbo láílọ́ọ̀nù rajà sílẹ̀ nílé. Èyí tó ní síìpù tí ẹ fi ń kó ọṣẹ àti ìpara sí kò ní wàhálà.

Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé oúnjẹ àárọ̀ nìkan ló wà nínú owó náà ni àbí ti alẹ́ náà wà níbẹ̀? Ta ló ń wá gbé yín ní pápákọ̀? Ṣé ojú fèrèsé kọjú sí òkun ni àbí sí ọgbà? Ibẹ̀ ni owó máa ń gbà sọnù.

A máa jáde pẹ̀lú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ní Ojúde Ọba. Lọ́dọọdún, ojú wa máa ń dúdú nínú fọ́tò, àmọ́ aṣọ máa ń mọ́lẹ̀. Fóònù la fi ń yà á. Kí ló ń fà á? (Ìyálóde ẹgbẹ́ kan, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Kámẹ́rà fóònù ń wo gbogbo àwòrán náà pọ̀ ni. Tí léèsì funfun bá gba ibi tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù; ojú yín ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ojú èèyàn lórí fóònù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ títí á fi dúró. Tí àmì oòrùn kékeré kan bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fà á sókè díẹ̀. Ẹ má fà á jù, ọnà ara léèsì á parẹ́.

Èkejì ni oòrùn ọ̀sán gan-gan. Ó wà lókè orí, gèlè àti fìlà ló sì ń ta òjìji sójú. Fọ́tò ẹgbẹ́ ni kí ẹ yà ní àárọ̀, kí ẹ tó tò lọ síwájú Ọba. Ẹ wá etí òjìji, lábẹ́ igi tàbí ìgànná, kí gbogbo yín wà nínú òjìji, kí ojú yín kọjú sí ibi tó mọ́lẹ̀. Kí àwọn àgbà jókòó níwájú. Ẹni tó ń yà á kó sún sẹ́yìn, kó tẹ 2x, kó gbé fóònù sí ọ̀gangan àyà. Tó bá dúró nítòsí tó sì lo 1x tàbí 0.5x, àwọn tó wà ní ìkángun á fẹ̀, gèlè wọn á sì wọ́. Kó nu ojú kámẹ́rà pẹ̀lú aṣọ òwú tó mọ́. Àtíkè àti òógùn tó wà níbẹ̀ ló ń fà á tí fọ́tò fi máa ń rí bíi pé kùrukùru bò ó.

Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ fọ́tò ẹlẹ́ṣin láti ìgbà tí ti Farooq Oreagba ti gba gbogbo ayé kan lọ́dún 2024. Ẹ má dúró sẹ́yìn ẹṣin láéláé, kò sí ìkìlọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fúnni. Iwájú, kí ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì jìnnà. Ìbọn tí wọ́n ń yìn níbẹ̀ lè mú kó ta kìjí nígbàkigbà. Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kó ya púpọ̀ léra wọn, ẹ ó mú èyí tí ẹsẹ̀ ẹṣin gbé sókè nínú wọn. Tí fóònù bá gbóná, ẹ fi í sábẹ́ òjìji. Ẹ má fi í sínú omi yìnyín, omi lè wọ inú rẹ̀.

Páwà báǹkì mi jẹ́ 30,000 mAh. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú? Lọ́fíńdà ńlá mi ńkọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àgọ́-Ìwòyè)

Páwà báǹkì kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí tí ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́, báàgì ọwọ́ nìkan ni. Wáàtì-wákàtí (Wh, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) 100 ni ààlà tí ẹ lè gbé láì gba àṣẹ. Ẹ mú 30,000 yẹn, ẹ fi 3.7, ìyẹn fóltì bátìrì rẹ̀, sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 1,000: 111 ni, ó ti kọjá ààlà. Ẹ ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, tàbí kí ẹ gbé 20,000, tó jẹ́ 74. Kí nọ́ńbà náà ṣì ṣeé kà lára rẹ̀, torí èyí tó ti pa rẹ́ ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ní ti lọ́fíńdà, tó bá jẹ́ ìrìnàjò òkè òkun, ìgò tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í wọ báàgì ọwọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹ bù díẹ̀ sínú ìgò kékeré, kí ẹ fi ìgò ńlá sínú àpótí, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, kó má sì sí nítòsí aṣọ sílíkì.