Ṣé Gbogbo Fábùnmi Ló Bá Ara Wọn Tan?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi wá ní nǹkan. Lẹ́tà tó dá lórí orúkọ pọ̀ lóṣù yìí, mo mú mẹ́ta nínú wọn, àkọ́kọ́ ló máa gbààyè jù torí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló wà nídìí ẹ̀, èyí tó kù mi ò ní pẹ́ lórí wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìlárẹ̀ níbí n'Ifẹ̀ là ń gbé, Fábùnmi lorúkọ ilé ọkọ mi. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó mú ọkùnrin kan wálé lọ́dún Àjíǹde, ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo wa la fẹ́ràn ẹ̀, àfìgbà tá a bi í pé kí lorúkọ bàbá ẹ̀ tó ní Fábùnmi, pé ará Òkè-Ìmẹ̀sí làwọn. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe dìde nìyẹn, ó ní èèwọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, kò sí ẹni tó ń fẹ́ àbúrò ẹ̀. Látìgbà yẹn ọmọ mi ò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Fábùnmi túmọ̀ sí gan-an, ṣé ojú kan náà ni gbogbo àwọn tó ń jẹ́ ẹ ti ṣẹ̀ wá? Ìyá tọ́kàn ẹ̀ ò balẹ̀, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ sọ fọ́mọ yẹn kó lọ jẹun. Pé èèyàn méjì ń jẹ́ Fábùnmi ò sọ wọ́n di ẹbí, bẹ́ẹ̀ náà ni pé èèyàn méjì ò jẹ́ orúkọ kan náà ò ní kí wọ́n má jẹ́ ọmọ bàbá kan, màá ṣàlàyé.

Ìtumọ̀ ẹ̀ ò le. Ifá ló bùn mi, ìyẹn ni pé Ifá ló ta mí lọ́rẹ ọmọ yìí. Ohun tó sábà máa ń fà á ni kí ìyàwó ti wà nílé ọkọ fún ìgbà díẹ̀ kó má tíì rí oyún, wọ́n á gba ilé babaláwo lọ, wọ́n á dífá, wọ́n á ní kí wọ́n rú báyìí báyìí, tọ́mọ bá dé wọ́n á fi orúkọ dúpẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé bàbá ọmọ fúnra ẹ̀ ni awo. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yà mí lẹ́nu táwọn èèyàn bá rí ẹni tó ń jẹ́ Fá-nǹkan tí wọ́n á ní babaláwo ni bàbá ńlá ẹ̀, ta ló sọ fún wọn, ṣé gbogbo ẹni tó lọ sọ́sibítù ló di dókítà ni? Ní Ifẹ̀ tiwa yìí tí Òkè Ìtasẹ̀ wà, tí Àràbà, olórí àwọn babaláwo, wà níbẹ̀, ẹ wo iye ìyá tó ti wá ọmọ wá sọ́dọ̀ awo láti ayébáyé, tó bá jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n rí ló bára tan, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè fẹ́ ẹnì kankan nílùú yìí mọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ bàbá tá à ń lò lónìí ló ń daríí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín rú, mi ò sì dá wọn lẹ́bi torí ọ̀pọ̀ wa la rò pé àtọ̀run wá la ti ń jẹ́ ẹ. Láyé àtijọ́ kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sọ ọmọkùnrin lórúkọ lọ́jọ́ kẹsàn-án, obìnrin lọ́jọ́ keje, ìbejì lọ́jọ́ kẹjọ, bàbá á sọ tiẹ̀, ìyá á sọ tiẹ̀, bàbá àgbà ò ní gbà káwọn má sọ, ìyá àgbà náà á mówó sínú omi wọ́n á sọ, oríkì tún wà lọ́tọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo á ti lórúkọ márùn-ún mẹ́fà, èyí tó bá rọ ará àdúgbò lẹ́nu ni wọ́n á máa pè é, tó bá sì dàgbà wọ́n tún lè pa gbogbo ẹ̀ tì kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ pè é. Orúkọ tiẹ̀ nìyẹn, òun nìkan ló ni ín, ọmọ ẹ̀ á tún ní tiẹ̀.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé dé ni nǹkan yí padà. Ọmọ á dúró níwájú tíṣà, ẹsẹ̀ lásán, tíṣà á ní kí lorúkọ ẹ, á sọ, kí lorúkọ bàbá ẹ, á sọ èyí tó máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pe bàbá ẹ̀ nílé. Ká ní Fábùnmi ni wọ́n ń pè é, tíṣà á kọ Fabunmi sínú rẹ́jísítà láìsí àmì kankan lórí ẹ̀, ó tán, ohun tí ọmọ àti ọmọọmọ ẹ̀ máa jẹ́ títí dòní nìyẹn. Ẹ wá wò ó o, àbúrò bàbá ọmọ yìí kan náà lè mú ọmọ tiẹ̀ lọ sí ilé ìwé ìjọ míì, ọmọ yẹn á dárúkọ bàbá tiẹ̀ tàbí ti bàbá àgbà, wọ́n á kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo mọ agboolé kan ní Mòòrè, orúkọ bàbá mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀, bàbá ńlá kan náà ló bí gbogbo wọn, ìdí àwo kan ni wọ́n ti ń jẹun lọ́jọ́ ọdún. Irú wọn yẹn ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín máa bẹ̀rù, torí tí méjì nínú wọn bá pàdé l'Ékòó, ọ̀kan ń jẹ́ Adé-nǹkan, èkejì ń jẹ́ Fábùnmi, ta ló máa fura?

Ẹ jẹ́ n mú ti Òkè-Ìmẹ̀sí yẹn gan-an. Ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ẹ̀ ní September 23, 1886 ṣùgbọ́n tí wọn ò kúrò lójú ogun títí di 1893, Fábùnmi jagunjagun Òkè-Ìmẹ̀sí wà lára àwọn tó tanná ran án, òun ló pa ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi sílùú wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbóná tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi para pọ̀, tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ńgbé Iléṣà sì wá ṣe olórí ogun wọn. Fábùnmi tí wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, orúkọ àbísọ tiẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé orúkọ náà ti wà l'Ókè-Ìmẹ̀sí kí rẹ́jísítà tó dé, wọn ò wá yá a n'Ifẹ̀. N'Ifẹ̀ níbí náà ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá ka ìtàn ìlú yìí á mọ Olóyè M. A. Fábùnmi, tí Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé wọn lórí àwọn ojúbọ Ifẹ̀ jáde ní 1969. Ìlú méjì, àwọn ìyá méjì tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá, ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ ibi táwọn Fá wọ̀nyí pọ̀ sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ifẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ sí Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Àkúrẹ́, Oǹdó, títí dé Ìgbómìnà, ibẹ̀ ni ẹ máa gbọ́ Fádáhùnsi, Fámúrewá, Fápohùndà, Fálànà, Fáyẹmí, Fáṣọ̀ràntì. Tẹ́ ẹ bá dé Abẹ́òkúta, Ṣó ló máa pọ̀ létí yín, tẹ́ ẹ bá dé Ìjẹ̀bú, Odù àti Ọ̀nà ni, lọ́nà Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, Àyàn àti Ọ̀jẹ̀. Kì í ṣe òfin o, Adébáyọ̀ Fálétí ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n. Àwọn èèyàn sì ń rìn. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí dé òkè ọya, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó pé àwọn ò ní dìde àfi táwọn bá gbowó, wọ́n gbé orúkọ wọn lọ, àwọn míì bímọ síbẹ̀ wọn ò padà wálé mọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé kòkó lọ sí igbó Oǹdó, àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn àti Èkó, àwọn tó wà ní London àti Houston báyìí, ẹ ò lè fi ibi tẹ́ ẹ ti pàdé Fábùnmi mọ ibi tó ti wá. Ohun kan tó tún hàn sí mi ni pé Fábùnmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ bàbá nìkan, bóyá lẹ rí ọmọ tuntun tí wọ́n á sọ ní Fábùnmi n'Ifẹ̀ lónìí, Olúwabùnmi ni, Olúbùnmi ni, àwọn Bùnmi kún gbogbo kíláàsì.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe wá rèé. Kí àgbà méjì láti ilé yín lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹ gba Iléṣà kọjá, kò jìnnà, ẹ má ṣe é lórí fóònù. Kí wọ́n béèrè pé ta lẹni àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ Fábùnmi nílé wọn, ta ló bí i, ibo ló ti wá, agboolé wo ni, kí ni wọ́n máa ń kì wọ́n, kí ni wọn kì í jẹ. Kẹ́ ẹ béèrè lọ́dọ̀ ìyá ọmọkùnrin náà, kí àwọn náà béèrè lọ́dọ̀ ẹ̀yin ìyá ọmọ, torí ibi tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé nìyẹn, ẹbí ti ọ̀dọ̀ ìyá náà ẹbí ni. Tí oríkì ò bá jọra, tí àwọn bàbá ò pàdé níbì kankan, kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín lọ múra ìdána. Tí wọ́n bá ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, káwọn ọmọ méjèèjì lọ ṣe jẹ́nótáìpù, tó bá jẹ́ AS àti AS ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ ká jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí nìyẹn. Ọmọ yín á tiẹ̀ jẹ̀gbádùn ẹ̀, kò ní dààmú ní báńkì láti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó.

ÌBÉÈRÈ: Iléṣà ni mo wà, Fámúrewá lorúkọ wa. Pásítọ̀ wa ní Fá tó wà níwájú ẹ̀ ló ń fà mí sẹ́yìn, pé kí n sọ ọ́ di Olúmúrewá. Bàbá mi ní kò sóhun tó jọ ọ́. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìlú yín gan-an ni wọ́n ti gbọ́ ọ jù. Ní 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá l'Ókè Ooye, àwọn èèyàn ń kó ère àti oògùn wọn jáde wọ́n ń sun ún, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ti torí ìgbàgbọ́ yọ Fá àti Ògún kúrò nínú orúkọ, wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn míì fi tiwọn sílẹ̀, kò sì dí wọn lọ́wọ́. D. O. Fágúnwà ará Òkè-Igbó, Kristẹni ni. Gàní Fawẹ̀hìnmi ọmọ Oǹdó, Mùsùlùmí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, Mùsùlùmí ni wọ́n náà, àwọn ló wà nídìí ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ níbí, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ẹ bi pásítọ̀ pé kí ló fa àwọn yẹn sẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ yí i padà, orúkọ yín ni. Ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn pé orúkọ yín tẹ́lẹ̀ rèé, tuntun rèé, kí gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà NIN, BVN, báńkì, ibi iṣẹ́. Sátífíkéètì tẹ́ ẹ ti gbà ṣì máa jẹ́ Fámúrewá, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá gbé e dé lẹ máa ti ṣàlàyé. Èmi ò ní ṣe é jàre, wàhálà ẹ̀ pọ̀ ju èrè ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí òyìnbó kan lórí Facebook, ará Brazil, Ifátúnjí ló pe ara ẹ̀. Ṣé ẹbí wa tí wọ́n kó lẹ́rú ni? Ọmọ Mayfair, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò lè sọ fún ẹ. Ọ̀pọ̀ wọn, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ wọ́n nífá ni wọ́n gbà á, ìyẹn ló jẹ́ kó o máa rí i tí wọ́n ń kọ Ifá ní kíkún, àwa ti gé I kúrò níwájú tiwa tipẹ́. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ní Bahia títí tó fi kú ní 1996, Kétu ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, Fátúnḿbí ni wọ́n sọ ọ́, kò ní bàbá ńlá kankan níbí. Àtìgbà tí UNESCO sì ti kéde Ifá ní 2005 pé gbogbo ayé ló ni ín, àwọn tó ń gba irú orúkọ yìí ò dínkù. Tó o bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, gun Òkè Ìtasẹ̀ lọ lóṣù June nígbà ọdún Ifá, wọ́n máa ń wà níbẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ Lágéré lọ.

Ẹ máa fi ìbéèrè ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín sí i.