Kí ló yà Mobula birostris àti Bryum argenteum sọ́tọ̀, ǹjẹ́ ohun kankan sì pa wọ́n pọ̀?

Ẹranko ni èkíní, ewéko ni èkejì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀.

Mobula birostris ni manta ray ńlá inú òkun. Ẹja ni, síbẹ̀ kò ní eegun líle. Ohun rírọ̀ bí èyí tó wà ní etí èèyàn ló gbé ara rẹ̀ ró. Lẹbẹ rẹ̀, láti ìkángun kan dé èkejì, lè tó mítà 7. Pẹ̀lú gbogbo títóbi yẹn, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú omi ló máa ń sẹ́ jẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí, lẹ́yìn oyún bí ọdún kan. Àmì ikùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀, torí ti méjì kì í bára mu.

Bryum argenteum ní tiẹ̀ jẹ́ mọ́ọ̀sì kékeré inú pàlàpálá kọnkéré, kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ. Kò ní gbòǹgbò gidi. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ kò ní àwọ̀ ewé, ìdí nìyẹn tó fi ń dán bíi fàdákà. Ó wà títí dé Antarctica.

Ohun tó pa wọ́n pọ̀ tó wù mí jù ni pé àtọ̀ àwọn méjèèjì ní ìrù, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́. Inú abo ni ti ẹja náà ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ti mọ́ọ̀sì nílò omi òjò tàbí ìrì. Ẹja náà wà nínú ewu àkúrun. Mọ́ọ̀sì? A ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, kò tu irun kan lára rẹ̀.