Èsì: Kọ̀ǹpútà tó ń kú láàárín géèmù lẹ́yìn tí a pààrọ̀ graphics card

Ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní látìgbà tẹ́ ẹ ti fi graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà) tuntun sí i, tẹ́ ẹ bá ti ń gbá géèmù, kọ̀ǹpútà á kàn kú pii, á tún ara rẹ̀ tàn. Bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń wo fídíò lásán, kò sí wàhálà. Iná ni mo kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe káàdì yẹn.

Ojú ihò tí káàdì wọ̀ lórí motherboard (pátákó inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan so mọ́) kò lè fún un ju 75 watts lọ. Okùn iná elẹ́nu 8 (8-pin) kọ̀ọ̀kan láti ara power supply (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ń fún un ní 150 watts. Tí káàdì yín bá ń gba okùn méjì, ẹ wò ó dáadáa: ṣé okùn kan ṣoṣo tó pín orí sí méjì lẹ fi sí i? Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń da Windows láàmú lásán. Ọjọ́ tí mo paná, tí mo fa okùn kejì lọ́tọ̀, tí mo tì í wọlé títí tó fi dún “kẹ́”, ọjọ́ náà ló tán.

Tó bá jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà ló ń dúdú tí ohùn géèmù ṣì ń lọ, dráífà (ètò tí Windows fi ń bá káàdì náà ṣiṣẹ́) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tan Windows sí Safe Mode (ìyẹn ni kó tàn pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan), kẹ́ ẹ fi DDU (Display Driver Uninstaller, ètò tó ń yọ dráífà) yọ ti àtijọ́ kúrò, kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra power supply mìíràn. Ẹ kọ iye watts tó wà lára tiyín àti orúkọ káàdì náà síbí, ká jọ wò ó.