Kì í ṣe ṣúgà nìkan ló ń jẹ eyín

Ẹ̀yin tí ẹ ní eyín ń kan yín tí ẹ bá ti mu omi tútù, tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ fi èyí tí kò ní ṣúgà rọ́pò kóòkì tí ẹ fi ń lé oorun lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́: ìyẹn nìkan kò ní gbà yín. Èmi náà ṣe iṣẹ́ alẹ́, èyí tí kò ní ṣúgà ni mo sì ń mu nígbà tí eyín mi ń yọ́ lọ.

Ásíìdì inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń yọ́ èèpo líle tó bo eyín. Òṣùwọ̀n pH la fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú nǹkan: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe le tó, 7 sì ni omi lásán. Tí ẹnu bá ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi 5.5, èèpo yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Kóòkì tó ní ṣúgà wà ní nǹkan bíi 2.5, èyí tí kò ní ṣúgà sì wà ní nǹkan bíi 3. Ṣúgà wulẹ̀ ń dá kún un ni, torí kòkòrò ẹnu ń jẹ ẹ́, wọ́n á sì pọn ásíìdì tiwọn.

Ohun tó ta mí lólobó ni ihò kan tí wọ́n ti dí fún mi tẹ́lẹ̀ lára eyín èrìgì. Ohun tí wọ́n fi dí i ga ju eyín tó yí i ká lọ, ahọ́n mi máa ń kọlù ú. Àṣé eyín ló ń relẹ̀, ohun tí wọ́n fi dí i kò yọ́. Dókítà eyín kò tilẹ̀ béèrè iye ìgò tí mò ń mu. Ó ní, “Báwo ni ìgò kan ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ yín tó?” Títí ilẹ̀ fi ń mọ́ ni! Bí itọ́ bá ṣe ń gbìyànjú láti tún eyín ṣe ni mo tún ń fà á mu.

Nítorí náà, tí ẹ bá máa mu ún, ẹ mu ún pẹ̀lú oúnjẹ kí ẹ sì parí rẹ̀. Sítírọ́ọ̀ dára. Ẹ fi omi lásán yọ ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ má fọ eyín lójú ẹsẹ̀, torí èèpo rẹ̀ ṣì rọ̀ nígbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì á gbo ó kúrò. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán. Èmi ń dúró tó wákàtí kan. Orín náà ńkọ́? Bákan náà ni. (Sóbò àti omi ọsàn náà kan o, ẹ má rò pé tilé kì í jẹ eyín.) Ẹ má mu ún sùn, itọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lójú oorun. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń mú èèpo eyín le, ni kí ẹ máa lò.

Èyí tó ti yọ́ lọ kì í hù padà. Ẹ lọ rí dókítà eyín kí ó tó kan inú eyín.