Owó ṣọ́ọ̀ṣì nínú owó oṣù: bí mo ṣe bá a ní Jámánì

Ẹ̀yin màmá tí ẹ kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín ń lọ kàwé ní Köln ní Jámánì, ẹ sì ti gbọ́ pé ìjọba ibẹ̀ ń fipá gba ìdámẹ́wàá, pé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti dahoro. Mo gbé ìlú yẹn kí n tó padà sí Ṣàgámù níbí. Kátólíìkì ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Wọ́n ń yọ owó lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdámẹ́wàá. Kirchensteuer, ìyẹn owó orí ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú, wọ́n á sì béèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Téèyàn bá ti pe ara rẹ̀ ní Kátólíìkì tàbí evangelisch, ìyẹn Púrótẹ́sítáǹtì tiwọn, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ agbowó-orí nìyẹn. Ní Köln, 9% ni; ní ìpínlẹ̀ Bavaria àti Baden-Württemberg, 8% ni. Inú owó orí ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ o, kì í ṣe inú owó oṣù. Ẹni tí owó orí rẹ̀ bá jẹ́ 300 yúrò lóṣù, 27 yúrò ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ ò tíì tó èyí tí wọ́n ń gba orí lé kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ ò sọ ìjọ tí ọmọ yín ń lọ. Tó bá jẹ́ Pẹ́ńtíkọ́sì tàbí Aládùúrà, wọn ò sí nínú ètò yẹn, igbá ọrẹ ni tiwọn bíi tilé. Ṣùgbọ́n kó ka fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá a fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ kọ̀wé kúrò nínú ìjọ kí n má baà san owó náà mọ́: ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é ní Köln, 30 yúrò lowó rẹ̀. Mo ní n ò lọ. Láti 2012 ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ibẹ̀ ti fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá kọ̀wé jáde kò ní gba Kọmúníọ̀n mọ́, kò sì ní ṣe bàbá ìsàmì fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ìṣirò owó, àmọ́ èyí ò bá mi lára mu.

Ní ti ahoro, èrò kì í wọ́n ní kàtídírà Köln, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1248 tí wọn ò parí títí di 1880. Àwọn tó wá ya fọ́tò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò tí mo ń lọ, àwọn ìyá arúgbó ló ń jókòó káàkiri, ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì kan. Nọ́ńbà orin wà lára pátákó, kò sẹ́ni tó ń kéde rẹ̀. Dùùrù á dún, wọ́n á kọrin, kò ní tó wákàtí kan tí gbogbo rẹ̀ á fi parí. Ará Íńdíà ni fadá wa. Òyìnbó tó ń kó fadá ránṣẹ́ káàkiri ayé níjọ́sí ló ń wá fadá kiri báyìí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí, títì á dá bí ìlú tí wọ́n kéde Orò. Kó ra oúnjẹ rẹ̀ ní Sátidé. Ariwo àdúrà ńkọ́? Ní Ògèrè tí kò jìnnà sí mi níbí ni Josiah Ositelu ti dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní 1930, a ò sì tíì dákẹ́ látìgbà náà. Ní Köln, tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, ariwo di ẹjọ́. Ìjọ àwọn ọmọ Áfíríkà kan tí mo máa ń bá ṣe àìsùn háyà gbọ̀ngàn láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, síbẹ̀ ẹnì kan pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá méjì wọlé, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dúró títí pásítọ̀ fi ṣe àmín, wọ́n wá ní kí a pa sípíkà. Wúyẹ́wúyẹ́ la fi parí àìsùn ọjọ́ náà.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó. Nílé, téèyàn bá pa Máàsì jẹ ní Sọ́ńdè méjì, ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti wá kan ilẹ̀kùn. Níbẹ̀, mo dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sẹ́ni tó béèrè mi. Ìgbà tí wọ́n gbé mi dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo fẹ́ kí ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan dé, ó fa àga, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lé itan, ó ní kí n sọ̀rọ̀ ìyá mi fún òun. Kò gbàdúrà àfìgbà tí mo ní kó gbà á. Bó ṣe ń wá nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀. Wọn kì í wá èèyàn wálé, àmọ́ téèyàn bá pè wọ́n, wọ́n á dé. Nítorí náà, kí ọmọ yín má máa sá lọ lẹ́yìn Máàsì. Kó dúró mu kọfí pẹ̀lú wọn, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé.

Agbádá tí ẹ ní ẹ ti rán fún Sọ́ńdè rẹ̀, kó gbé e lọ, wọ́n á yìn ín. Àmọ́ láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta, inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn tutù débi pé kò sẹ́ni tó ń bọ́ kóòtù. Bùbá àti ṣòkòtò tó ṣe é wọ̀ sábẹ́ kóòtù ni kí ẹ tún bá a rán.